Kíkọ́ Iṣẹ́ Ojú Ìkànnì Nípa Ṣíṣe É: Ìdí Tí Èdè Yorùbá Fi Jẹ́ Olùkọ́ Rere

Iṣẹ́ ojú ìkànnì, èyí tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní front-end, ni iṣẹ́ ṣíṣètò gbogbo ohun tí ènìyàn ń rí, tí ó ń kà, tí ó sì ń fi ìka tẹ̀ nígbà tí ó bá ṣí ìkànnì kan lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Èdè mẹ́ta ni ó gbé iṣẹ́ náà ró. HTML ni ó ń sọ ohun tí nǹkan kọ̀ọ̀kan jẹ́ lójú-ìwé, bóyá àkọlé ni tàbí ìpínrọ̀, àwòrán tàbí bọ́tìnnì. CSS ni ó ń sọ bí wọn yóò ṣe rí, láti orí àwọ̀ àti ìwọ̀n lẹ́tà títí dé ibi tí ohun kọ̀ọ̀kan yóò jókòó sí. JavaScript sì ni ó ń sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹni tó ń lò ó bá tẹ bọ́tìnnì, tí ó bá kọ nǹkan sínú àpótí, tàbí tí ó bá fẹ́ wá nǹkan. Kò gba àkókò púpọ̀ láti há ìtumọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí, ọ̀pọ̀ ló sì ti há a sórí tí wọn kò tíì lè dá ojú-ìwé kan ṣe.

Èrò tí àròkọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ìmọ̀ iṣẹ́ yìí kì í wọ ènìyàn lára àyàfi nípasẹ̀ iṣẹ́ àṣekọ́, ìyẹn iṣẹ́ gidi tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí pírójẹ́ẹ̀tì. Pé gbogbo iṣẹ́ àṣekọ́ kọ́ ló ń kọ́ni dọ́gba. Àti pé fún akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́ Yorùbá, iṣẹ́ tí ó bá ṣe ní èdè Yorùbá, fún àwọn tó ń sọ Yorùbá, ni yóò kọ́ ọ jù, nítorí pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń tú àṣìṣe tí Gẹ̀ẹ́sì máa ń bò mọ́lẹ̀ síta.

Láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni ìkànnì ti jẹ́ ohun tí àwọn ènìyàn ń kọ́ nípa ṣíṣe. Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ ní CERN, ilé ìwádìí tó wà nítòsí Geneva ní Switzerland, kọ àbá àkọ́kọ́ nípa rẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 1989, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 1993, CERN yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ayé láìgba kọ́bọ̀. Aṣàwákiri, ìyẹn ètò tí a fi ń ṣí ìkànnì, bíi Chrome tàbí Firefox, máa ń jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó lo kọ̀ǹpútà wo HTML tí wọ́n fi kọ ojú-ìwé tó wà níwájú rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tó kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ yìí dunjú kò ní olùkọ́ tó ju èyí lọ: wọ́n wo bí ẹlòmíràn ṣe ṣe tirẹ̀, wọ́n dà á kọ, wọ́n yí i padà, wọ́n sì rí ohun tí ìyípadà náà fà.

Lóde òní, fídíò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ débi pé akẹ́kọ̀ọ́ lè máa wò wọ́n fún ọ̀pọ̀ oṣù kí ó sì gbà pé òun ń tẹ̀síwájú. Fídíò wúlò, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí agbára rẹ̀ kò ká. Ẹni tó ń kọ́ni nínú rẹ̀ ti ṣe gbogbo ìpinnu kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀: ó ti mọ iye àpótí tí yóò wà lójú-ìwé, ó ti yan àwọn ọ̀rọ̀ tó gùn dọ́gba àti àwọn àwòrán tí ìwọ̀n wọn bára mu, ó sì ti gé gbogbo ibi tí kóòdù rẹ̀ ti kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ kúrò. Àwọn ìpinnu wọ̀nyẹn gan-an ni iṣẹ́ náà. Ọmọ iṣẹ́ télọ̀ tó ti ń wo ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún méjì láìgé aṣọ rí kò tíì kọ́ṣẹ́, nítorí pé ojú lè mọ bí a ṣe ń gé aṣọ kí ọwọ́ má mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbà ní ohun tí a kò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́; kóòdù tí akẹ́kọ̀ọ́ dà kọ láti inú fídíò yóò ti fò lọ lórí rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó yípo, ṣùgbọ́n èyí tí ó fi odindi ọ̀sán wá àṣìṣe rẹ̀ kò ní gbàgbé mọ́.

Iṣẹ́ àṣekọ́ àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ ju ojú-ìwé kan tó kún fún ọ̀rọ̀ lọ, láìsí àwòrán, láìsí àwọ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìtàn ìlú rẹ̀, tàbí bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ kan nílé wọn, ní Yorùbá tó ní àmì ohùn pípé, kí ó sì fi HTML nìkan tò ó. HTML ní ìpele àkọlé mẹ́fà, láti h1 dé h6, ibẹ̀ sì ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí a kàn mú kí ó tóbi kò tíì di àkọlé. Ẹni tí kò ríran, tó ń lo ètò tó ń ka ojú fóònù sí i létí, bíi TalkBack lórí fóònù Android, máa ń fò láti orí àkọlé kan bọ́ sí òmíràn láti mọ ohun tó wà lójú-ìwé. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi ìpínrọ̀ lásán tí ó sọ di ńlá rọ́pò àkọlé, ọ̀nà di fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Lórí ojú-ìwé kékeré yìí kan náà ni èdè Yorùbá yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ọ̀rọ̀. Ó gbọ́dọ̀ sọ fún aṣàwákiri pé UTF-8 ni òun fi kọ ojú-ìwé náà, ìyẹn ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà gbogbo èdè ayé gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà. Bí ó bá gbàgbé, Gẹ̀ẹ́sì lè máa hàn kedere síbẹ̀, nítorí pé nọ́ńbà tí a fún lẹ́tà a títí dé z kò yàtọ̀ nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlànà ìkọ̀wé àtijọ́, ṣùgbọ́n ẹ, ọ àti ṣ lè fọ́ di àmì tí kò nítumọ̀. Ó tún gbọ́dọ̀ fi àmì yo sọ pé Yorùbá ni èdè ojú-ìwé náà, kí àwọn ètò tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ tàbí tó ń kà á sókè má baà ṣì í mú fún Gẹ̀ẹ́sì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe iṣẹ́ àṣekọ́ rẹ̀ a máa kọ ìlà méjèèjì yìí nítorí pé fídíò ní kí ó kọ ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi Yorùbá ṣe tirẹ̀ mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà fún.

Nígbà tí ó bá tó àkókò láti wọ ojú-ìwé náà láṣọ, CSS dé. Håkon Wium Lie, ọmọ Norway, ni ó dábàá rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 1994, òun àti Bert Bos sì jọ ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ títí tí W3C, àjọ tó ń bójú tó ìlànà ìkànnì, fi fọwọ́ sí ẹ̀dà àkọ́kọ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 1996. Ìpìlẹ̀ èrò wọn ni pé kí ohun tí ọ̀rọ̀ jẹ́ wà lọ́tọ̀, kí bí ó ṣe rí náà wà lọ́tọ̀. Ní ọdún 2003, Dave Shea, ọmọ Kánádà, fi iṣẹ́ kan tó pè ní CSS Zen Garden hàn pé èrò náà kì í ṣe àlá: HTML kan ṣoṣo ni ó gbé kalẹ̀, ó sì pe àwọn oníṣẹ́ mìíràn láti fi CSS wọ̀ ọ́ láṣọ bó ṣe wu kálukú, débi pé ẹni tó bá rí ojú-ìwé méjì nínú wọn kò ní mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ló wà nínú méjèèjì. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe bákan náà fún ìtàn ìlú rẹ̀: kí ó wọ̀ ọ́ láṣọ méjì tí kò jọra láìfọwọ́ kan HTML. Bí ó bá rí i pé òun kò lè ṣe é láìtún HTML kọ, ó ti rí ibi tí HTML náà ti kù díẹ̀ káàtó.

Níbi yíyan irú lẹ́tà, èyí tí wọ́n ń pè ní fọ́ǹtì, ni ọ̀pọ̀ ti máa ń kọsẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ fọ́ǹtì tó rẹwà kò ní ẹ tàbí ṣ nínú, bí aṣàwákiri bá sì dé ibẹ̀, yóò yá lẹ́tà náà lára fọ́ǹtì mìíràn, tí lẹ́tà kan láàárín ọ̀rọ̀ yóò fi yàtọ̀ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn mìíràn ní lẹ́tà náà, ṣùgbọ́n àmì ohùn kò jókòó dáadáa lórí rẹ̀. Ó ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kí ó gun lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. Noto Sans àti Gentium wà lára àwọn tó gbé àmì Yorùbá ró dáadáa. Àlàfo láàárín ìlà náà ṣe pàtàkì, nítorí pé ọ̀rọ̀ Yorùbá ní àmì lókè, ó sì ní nísàlẹ̀. Bí ìlà bá sún mọ́ra jù, àmì ìsàlẹ̀ ìlà kan yóò kan àmì òkè ìlà kejì, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sì fún àpótí ní gíga tí kò ṣe é yí padà, àmì ohùn lè gé kúrò pátápátá. Ìlọ́po kan àtààbọ̀ ìwọ̀n lẹ́tà jẹ́ àlàfo tó dára láti fi bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ kejì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹnì kan tó wà láàyè, tó sì nílò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú ẹni tó ń ta àdìrẹ ní ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, tó fẹ́ kí àwọn oníbàárà rẹ̀ rí aṣọ àti iye owó wọn lórí fóònù. Ní ọdún 2010, Ethan Marcotte, oníṣẹ́ ìkànnì ọmọ Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ kan nínú ìwé ìròyìn A List Apart nípa bí ojú-ìwé kan ṣoṣo ṣe lè máa tò ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ tó gbà á ṣe fẹ̀ tó, èrò náà sì ti di òfin iṣẹ́ lónìí. Àwọn oníbàárà wọ̀nyí kò ní lo ohun mìíràn ju fóònù lọ, nítorí náà ojú fóònù ni akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tò kí ó tó ro ti kọ̀ǹpútà. Bí ó bá gbàgbé ìlà tó ń jẹ́ viewport, tó ń sọ fún fóònù pé kí ó lo fífẹ̀ tirẹ̀ gan-an, fóònù yóò ṣe bí ẹni pé kọ̀ǹpútà ni òun, yóò sì sún gbogbo ọ̀rọ̀ kì títí wọn yóò fi kéré ju ohun tí ojú lè kà. CSS Grid, tó wọ Firefox, Chrome àti Safari ní oṣù Kẹta ọdún 2017, yóò jẹ́ kí ó lè to àwòrán aṣọ ní ẹyọ kan sí ìlà kan lórí fóònù kékeré, kí wọ́n sì di mẹ́ta tàbí mẹ́rin níbi tí àyè bá ti gbà.

Àwòrán ni yóò wá kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ tó le jù nínú iṣẹ́ yìí. Àwòrán tí fóònù òde òní yà lè tó mẹ́gábáìtì mẹ́rin. Bí aṣọ bá jẹ́ 20, ojú-ìwé náà ti di mẹ́gábáìtì 80, owó dátà oníbàárà ni yóò sì san án, kì í ṣe ti akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lo Wi-Fi níbi tó ti ń kọ́ṣẹ́. Bí ó bá dín fífẹ̀ àwòrán kọ̀ọ̀kan kù sí píksẹ́lì 800, tí ó sì fún un pọ̀ bó ṣe yẹ, ó lè mú ọ̀kọ̀ọ̀kan wá sí nǹkan bí kílóbáìtì 100, kí gbogbo wọn lápapọ̀ má ju mẹ́gábáìtì méjì lọ, kí ojú má sì rí ìyàtọ̀ lórí fóònù. Ẹni tó ń fi àwòrán ọ̀fẹ́ tó rí lórí ayélujára kọ́ṣẹ́, tí wọ́n ti bá a dín kù sílẹ̀, kò ní bá ìṣòro yìí pàdé títí yóò fi gba iṣẹ́ olówó.

Iṣẹ́ kẹta ni fọ́ọ̀mù tí oníbàárà yóò fi béèrè aṣọ, ibẹ̀ sì ni JavaScript ti bọ́ sójú agbo. Brendan Eich ni ó ṣẹ̀dá èdè náà ní ilé-iṣẹ́ Netscape ní oṣù Karùn-ún ọdún 1995, láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, àwọn ìwà kan tó bí mọ́ ọn sì wà lára rẹ̀ dòní. Gbogbo ohun tí ènìyàn bá kọ sínú àpótí fọ́ọ̀mù, ọ̀rọ̀ ni JavaScript kà á sí, bó tilẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà. Bí aṣọ bá jẹ́ 4500 náírà, tí owó ìfiránṣẹ́ sì jẹ́ 1500, tí akẹ́kọ̀ọ́ kò kọ́kọ́ sọ wọ́n di nọ́ńbà kí ó tó ro wọ́n pọ̀, èsì tí yóò rí ni 45001500, nítorí pé ńṣe ni JavaScript so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀. Nọ́ńbà fóònù wá yí ẹ̀kọ́ náà sódì: àmì 11 ni ti Nàìjíríà, òdo ló sì fi ń bẹ̀rẹ̀, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sì sọ ọ́ di nọ́ńbà, òdo náà yóò ṣòfò, kò ní ṣe é pè mọ́.

Àpótí orúkọ pàápàá ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Kóòdù kan wà tó wọ́pọ̀ nínú ẹ̀kọ́ orí ayélujára, èyí tó ń yẹ orúkọ wò, tí kò gba ohun mìíràn ju lẹ́tà A títí dé Z lọ. Ẹni tó bá dà á kọ, tó sì fi orúkọ Gẹ̀ẹ́sì dán an wò, yóò rò pé ó péye. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ṣọlá bá kọ orúkọ rẹ̀ bí òbí rẹ̀ ṣe sọ ọ́, fọ́ọ̀mù yóò dá a lóhùn pé orúkọ náà kò tọ̀nà. Kò yẹ kí ìkànnì tí ọmọ Yorùbá ṣe sọ fún ọmọ Yorùbá pé orúkọ rẹ̀ jẹ́ àṣìṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rí èyí lẹ́ẹ̀kan yóò máa béèrè láti ọjọ́ náà lọ pé ta ni ẹni tó kọ kóòdù yìí ní lọ́kàn nígbà tó ń kọ ọ́.

Iṣẹ́ kẹrin ni àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kékeré kan tó ní àpótí ìwá-ọ̀rọ̀, òun ló sì jinlẹ̀ jù. Nínú Unicode, ìyẹn àkójọ tó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà, lẹ́tà ọ ní nọ́ńbà tirẹ̀, lẹ́tà ó náà sì ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ́, tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀, kò ní, àpapọ̀ ni. Ẹnì kan lè tẹ ọ kí ó fi àmì òkè lé e, ẹlòmíràn lè tẹ ó kí ó fi àmì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹnì kẹta sì lè tẹ o lásán kí ó fi àmì méjèèjì kún un. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Lójú JavaScript, wọn kò bára mu, àpótí náà sì lè dá ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ kan lóhùn pé kò sí, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà wà níwájú rẹ̀. Irinṣẹ́ tó ń jẹ́ normalize, tó wọ inú JavaScript ní ọdún 2015, ni yóò sọ gbogbo wọn di ọ̀kan. Kíka iye lẹ́tà pàápàá kò rọrùn: bí a bá kọ “ọ̀rọ̀” pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, lẹ́tà mẹ́ta ni, ṣùgbọ́n JavaScript yóò kà á sí márùn-ún tàbí méje gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́.

Títò ọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí álífábẹ́ẹ̀tì tún ń bẹ níwájú. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá jẹ́ kí JavaScript tò ó bó ṣe wù ú, àgbàdo àti ẹja yóò wà lẹ́yìn yàrá, nítorí pé nọ́ńbà à àti ẹ ga ju ti y lọ. Kò sì ní mọ̀ pé gb jẹ́ lẹ́tà kan tó tẹ̀ lé g nínú lẹ́tà 25 tí Yorùbá ní. Ó di dandan kí ó kọ́ bí a ṣe ń sọ èdè tí a fẹ́ fún Intl.Collator, irinṣẹ́ tí JavaScript fi ń to ọ̀rọ̀, kí ó sì yẹ èsì rẹ̀ wò lórí oríṣiríṣi aṣàwákiri. Lẹ́yìn èyí ni ìbéèrè tó kọjá ti ẹ̀rọ: ẹni tó tẹ oko láìfi àmì sí i, ṣé oko tí à ń ro ni ó ń wá, àbí òkò, ọkọ, ọkọ́ tàbí ọkọ̀? Akẹ́kọ̀ọ́ lè kó gbogbo wọn wá, kí ó fi èyí tó bára mu gẹ́lẹ́ ṣáájú; ó lè yọ àmì ohùn nìkan kí ó fi ti abẹ́ lẹ́tà sílẹ̀; ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí ó lè ṣàlàyé ìdí tó fi yan ọ̀nà tó yàn. Ìgbà tó bá ń ṣe irú ìpinnu báyìí ni a lè sọ pé ó ti ń di oníṣẹ́.

Kò sí èyí tó parí nínú iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí ẹlòmíràn yóò fi lò ó. Kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé fóònù fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ náà, kí ó ní kí ó béèrè aṣọ kan, kí ó sì pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Ibi tí ẹni náà bá ti dúró, tí ó bá ti tẹ ohun tí kì í ṣe bọ́tìnnì, tàbí tí ó bá ti súnmọ́ ojú fóònù láti kàwé, ibẹ̀ ni àtúnṣe wà. Ìlànà WCAG, èyí tó wà fún kí gbogbo ènìyàn, títí kan aláìlera, lè lo ìkànnì, tí W3C gbé ẹ̀dà kejì rẹ̀ jáde ní ọdún 2008, béèrè pé kí ìyàtọ̀ láàárín àwọ̀ ọ̀rọ̀ lásán àti àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ tó 4.5 sí 1, ó kéré tán. Ẹni tó bá ka ìlànà yìí nínú yàrá lè gbàgbé rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí oníbàárà tó ń fi ọwọ́ ṣíji bo fóònù nínú oòrùn ọjà láti ka lẹ́tà funfun lórí àwọ̀ búlúù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti rí ìdí rẹ̀.

Àwọn kan yóò béèrè ìdí tí akẹ́kọ̀ọ́ kò fi ní bẹ̀rẹ̀ láti orí React, àkójọ irinṣẹ́ tí Facebook gbé jáde fún gbogbo ènìyàn ní ọdún 2013, tàbí kí ó kàn ní kí ọgbọ́n àtọwọ́dá kọ kóòdù fún òun. Àwọn méjèèjì wúlò fún ẹni tó ti mọ ohun tó ń béèrè. Ọgbọ́n àtọwọ́dá lè kọ fọ́ọ̀mù láàárín ìṣẹ́jú kan, ó sì lè kọ èyí tí kò ní gba orúkọ Ṣọlá. Ẹni tí kò bá ti bá ìṣòro náà jìjàkadì rí kò ní mọ̀ pé ó yẹ kí òun yẹ ibẹ̀ wò. Àwọn mìíràn yóò sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn tó ń gbani síṣẹ́ ń fẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ bí a ṣe ń tọ́jú lẹ́tà Yorùbá ti mọ bí a ṣe ń tọ́jú ti Vietnam àti ti Faransé, ẹni tó sì ti ṣe ojú-ìwé tó fúyẹ́ fún ẹni tó ń ra dátà díẹ̀ díẹ̀ lè ṣe é fún ẹnikẹ́ni níbikíbi.

Àwọn ibi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí ní ilẹ̀ Yorùbá ló yẹ kí ó kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ yìí lò. Kò yẹ kí wọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé ẹ̀rí nítorí iye fídíò tó wò tàbí iye ojú-ìwé Gẹ̀ẹ́sì tó dà kọ. Kí wọ́n bi í léèrè ẹni tó ń lo ohun tó ṣe, ibi tí ohun náà ti kọ́kọ́ kùnà lọ́wọ́ ẹni náà, àti bí ó ṣe tún un ṣe. Kí ó sì jẹ́ dandan pé ó kéré tán, ọ̀kan nínú iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ní Yorùbá tó pé àmì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lè dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí ti kọ́ṣẹ́, àwọn tó ń sọ Yorùbá yóò sì ti jàǹfààní, nítorí pé ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan tí irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ bá gbé jáde jẹ́ ibì kan sí i lórí ayélujára tí èèyàn ti lè ka èdè rẹ̀, wá ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí ó sì kọ orúkọ rẹ̀ bó ṣe yẹ.